Bí a ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́ inú káàdì àjẹsára ọmọ, àti ohun tí a máa ṣe bí ọjọ́ bá yẹ̀

Ọdún 21 ni mo ti fi jókòó nídìí tábìlì àjẹsára. Káàdì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ìyá ọmọ kí n tó wo ojú ọmọ. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí n ṣí káàdì, kí n rí i pé àpótí bíi mẹ́ta ló kún, ìyókù ṣófo, kí ìyá náà sì máa wolẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ẹni tó bá ń wolẹ̀ báyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwa nọ́ọ̀sì ti bú u rí.

Èmi náà ti bú ẹnì kan rí. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 nígbà tí ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ 9. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ̀ mí, mo sì bi í níwájú gbogbo èèyàn pé ṣé oorun ló ń sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí wá ni. Kò dá mi lóhùn. Wọ́n fún ọmọ ní abẹ́rẹ́, ó gbé e, ó lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, n kò rí i. Ìgbà tí mo máa tún fojú kàn án, ọmọ ti pé oṣù 14. Ohun tó yẹ kí n ti bá a sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń kọ síbí.

Kíka ọjọ́

Ìlànà orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Àwọn kan ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àwọn mìíràn ní oṣù 2, 4 àti 6. Èyí tó wà nínú káàdì ọmọ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Mo máa fi ti ọlọ́sẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo fi ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kò sí nínú kíkà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ení. Ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ọjọ́ 42, ọ̀sẹ̀ 10 jẹ́ ọjọ́ 70, ọ̀sẹ̀ 14 jẹ́ ọjọ́ 98. Kò pọn dandan kí ẹ máa ka ìka, torí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń bọ́ sí. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta, máa pé ọ̀sẹ̀ 6 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹrin. Ó máa pé ọ̀sẹ̀ 10 ní 12 Oṣù Karùn-ún, ọ̀sẹ̀ 14 ní 9 Oṣù Kẹfà. Ti oṣù 9 kò le rárá: 3 Oṣù Kejìlá ni.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bímọ, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti máa ń rí i. Bí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ bá ṣáájú èyí tí ẹ kà, ẹ pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 tí ọmọ bá gbà ní ọ̀sẹ̀ 4, a kò ní kà á. Ọmọ á tún un gbà. Bí ilé ìwòsàn kò bá ṣiṣẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ tó pé gan-an, ọjọ́ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e ni kí ẹ lọ, kì í ṣe èyí tó ṣáájú.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́

Nǹkan mẹ́ta ló ń dúró de ọmọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bó bá ti bọ́ sáyé: BCG, tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí à ń pè ní òdo, àti abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò kan ń fà. Méjì àkọ́kọ́ lè fara da ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀kán òdo ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí nínú ẹ̀kán mẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mẹ́dọ̀wú B ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ gidi mú.

Bí ìyá bá ní kòkòrò yìí lára, tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé àwọn ní i torí kì í sábà ro wọ́n, ìgbà ìbí ló máa ń bọ́ sára ọmọ. Àgbàlagbà tó bá kó o sábà máa ń borí rẹ̀. Nínú 100, wọn kì í pé 5 tó máa jókòó sí lára. Ti ìkókó kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìkókó 10 tó bá kó o lọ́wọ́ ìyá, nǹkan bí 9 ni kò ní kúrò lára wọn mọ́, á máa jẹ ẹ̀dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n á fi dàgbà. Abẹ́rẹ́ yìí ń sá eré ìje pẹ̀lú kòkòrò tó ti wọ inú ara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní wákàtí 24 péré. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, kí wọ́n ṣì fún ọmọ, àmọ́ agbára rẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí, ẹ béèrè pé: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ ti gba mẹ́dọ̀wú B? Aago mélòó ni ó gbà á?” Kí ó kọ ọ́. Ẹni tó bá bímọ sílé, kó gbé ọmọ wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má dúró de ọjọ́ àjẹsára.

Ojú BCG, ní apá òkè, máa ń wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á ṣọyún, á gbẹ, á fi àpá sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i. Ọmọ tí kò bá ní àpá kò nílò kí wọ́n tún un gún fún un.

Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6

Àwọn òbí máa ń bi mí pé ta ló yan àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Ọmọ tuntun kì í wá sáyé lọ́wọ́ òfo. Kó tó jáde, ara ìyá rẹ̀ ti fún un ní díẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń bá àrùn jà. Ẹ̀yáwó ni wọ́n. Ara ọmọ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tirẹ̀, ti ìyá sì ń dín kù lójoojúmọ́; ti àrùn kan tètè ń tán, ti òmíràn ń pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yáwó bá ṣì pọ̀, ó lè lé àjẹsára dànù kí ara ọmọ tó rí nǹkan kọ́ lára rẹ̀. Nígbà tó bá sì tán, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún àrùn. Àárín méjèèjì ni àwọn tó ṣètò káàdì ń wá fún àrùn kọ̀ọ̀kan.

Ikọ́ ahúbì ni ẹ̀yáwó rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ẹni tó bá ti rí ìkókó tó ń hu ikọ́ yìí kò ní gbàgbé. Kò ní lè mí láàárín ikọ́ kan sí èkejì, ètè rẹ̀ á dúdú, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ ní húkọ́ mọ́, á kàn dá mímí dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí ikọ́ yìí ń pa, wọn ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ẹ wá wo ọ̀sẹ̀ 6 sí ọ̀sẹ̀ 9 tí mo tìtorí rẹ̀ bú ìyá yẹn. Lóòótọ́ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ṣe tí kò dáa ni pé mo fi ìbínú sọ ọ́ dípò kí n ṣàlàyé rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 tí à ń pè ní pẹ́ńtà, àrùn márùn-ún ló ń dènà: gbọ̀fungbọ̀fun, ipá, ikọ́ ahúbì, mẹ́dọ̀wú B, àti Hib, kòkòrò tó ń fa òtútù àyà àti yírùnyírùn lára ọmọdé. Lọ́jọ́ kan náà ni ọmọ máa gba ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ PCV fún òtútù àyà, àti ẹ̀kán rota fún ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọ̀pọ̀ ibi, abẹ́rẹ́ rọmọlápá máa ń kún un ní ọ̀sẹ̀ 14.

Rota ní òfin tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ tó ti pé ọ̀sẹ̀ 15, wọn kì í sì fún ọmọ mọ́ lẹ́yìn oṣù 8, torí ewu kékeré kan wà pé kí ìfun ọmọ ká bọ inú ara rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà kí wọ́n fún ọmọ títí di oṣù 24 bó bá pẹ́, àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru tí kòkòrò rota ń fà máa ń le jù fún àwọn ọmọ tó kéré. Yàtọ̀ sí ẹ̀kán òdo, nínú gbogbo ohun tó wà nínú káàdì, òun ni ẹ̀yin tí ẹ bá pẹ́ lè pàdánù pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó wà láàárín

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kàn ń fi ojú ọ̀tá han ara ni. Ara á wò ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ogun, á sì yan díẹ̀ nínú wọn tí kò ní gbàgbé ojú yẹn. Ẹ̀kọ́ yìí gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí abẹ́rẹ́ kejì bá dé nígbà tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò tíì wọlé, ara kò ní fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní rẹ̀. Bó bá dé nígbà tí wọ́n ti gbọ́n, wọ́n á pọ̀ sí i gan-an, agbára wọn á sì le sí i. Ọjọ́ 28 ni ó kéré jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo èyí kò ju gbólóhùn kan lọ. Yíyá jù ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Pípẹ́ kì í bà á jẹ́, ọmọ ni ó ń fi sílẹ̀ láìbò. Ara kì í gbàgbé ohun tó ti kọ́ nítorí pé abẹ́rẹ́ kejì pẹ́ oṣù mẹ́fà. Àmọ́ ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó láti dáàbò bo ọmọ dáadáa.

Èéyi, oṣù 9

Ẹ̀yáwó èéyi ló ń pẹ́ lára ọmọ. Bí a bá fún ọmọ ní àjẹsára rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, ohun tí ìyá fún un á pa á run kí ó tó ṣiṣẹ́. Níbi tí èéyi ti ń jà, oṣù 9 ni wọ́n ń fún un, torí wọn ò lè dúró. Níbi tí kò ti wọ́pọ̀, wọ́n ń dúró di oṣù 12. Ní oṣù 9, nǹkan bí 85 nínú ọmọ 100 ni ó máa ń mú lára wọn. Ní oṣù 12, nǹkan bí 95. Ìdí rèé tí abẹ́rẹ́ kejì fi wà, ní oṣù 15 sí 18 ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn ìyá kan gbà pé ó kàn jẹ́ ìrántí. Rárá o. Fún ọmọ 15 nínú 100 tí àkọ́kọ́ kò mú lára wọn, òun gan-an ni àkọ́kọ́. A kò sì lè fojú mọ àwọn ọmọ 15 náà.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí èéyi ń ràn ju gbogbo àrùn tí mo mọ̀ lọ. Ẹnì kan tó ní i lè kó o ran èèyàn 12 sí 18 níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti gba àjẹsára. Kí ó tó lè dáwọ́ dúró ní àdúgbò kan, àwọn tí ara wọn ti mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ tó 95 nínú 100. Bí ó bá ń jà ládùúgbò yín lọ́wọ́, wọ́n lè fún ọmọ ní oṣù 6. A kì í ka ìyẹn mọ́ ti káàdì. Ọmọ ṣì máa gba ti oṣù 9.

Kòkòrò tó wà láàyè, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ló wà nínú abẹ́rẹ́ èéyi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibà pọ́njú. Irú méjì báyìí, ẹ gbà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí àárín wọn.

Ìgò èéyi kan máa ń gba ọmọ 10 ní ọ̀pọ̀ ibi, bí a bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó dà á nù. Nítorí èyí ni àwọn nọ́ọ̀sì kan fi ń ní kí ìyá padà wá lọ́jọ́ tí ọmọ bá pọ̀. Èmi máa ń ṣí ìgò fún ọmọ kan ṣoṣo. Oògùn mẹ́sàn-án tí a dà nù dára ju ọmọ kan tí kò padà wá mọ́ lọ. Bí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù ní kí wọ́n ṣí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba ọjọ́ kan pàtó lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì lọ.

Bí ọjọ́ bá ti yẹ̀

Ẹ wá. A kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ dúró sí la máa ń gbé e láti ibẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ọdún kan.

Nígbà tí ìyá yẹn gbé ọmọ rẹ̀ padà wá ní oṣù 14, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fà á wá. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ìyá ọmọ, ẹ má bínú ohun tí mo sọ sí yín nígbà yẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ padà wá.” Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Mo rò pé ẹ ó ní ọmọ mi ti bàjẹ́.” N kò mọ̀ pé ohun tó ń rò látọjọ́ yìí nìyẹn.

Mo tẹ́ káàdì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a jọ kà á. BCG, ẹ̀kán òdo, mẹ́dọ̀wú B, pẹ́ńtà àkọ́kọ́ àti PCV àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. A kò ní tún ìkankan nínú wọn ṣe. Lọ́jọ́ náà, ọmọ gba pẹ́ńtà kejì, PCV kejì, ẹ̀kán àti abẹ́rẹ́ rọmọlápá, pẹ̀lú èéyi àkọ́kọ́. Ìyá náà bẹ̀rù pé ó ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù. Kòkòrò tí ọmọ ń bá pàdé lójúmọ́ kan lórí ilẹ̀ àti lẹ́nu ju ohun tó wà nínú gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn lọ fíìfíì. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a gún wọn sí, ọmọ sunkún, ó sì dákẹ́.

Bí káàdì bá sọ nù, ẹ lọ sí ibi tí ọmọ ti gbà á, kí wọ́n wo ìwé ńlá wọn. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ níbì kankan, a ó ka abẹ́rẹ́ yẹn sí èyí tí ọmọ kò gbà. Àtúngbà kì í sábà fa ju kí ojú abẹ́rẹ́ wú díẹ̀ lọ. Ẹ ya fọ́tò káàdì sórí fóònù bàbá àti ti ìyá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ nǹkan tuntun sí i.

Ohun tí kò yẹ kó dá yín dúró

Ọ̀fìnkìn, ikọ́ díẹ̀, ara gbígbóná díẹ̀, ìgbẹ́ rírọ̀, eyín tó ń hù, oògùn tí ọmọ ń lò lọ́wọ́: kò sí èyí tó ní kí ẹ jókòó sílé. Mo ti rí ọmọ tí ọ̀fìnkìn gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, torí bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á dé. Ẹ gbé e wá, kí àwa wò ó. Ọmọ tí kò pé oṣù kó tó wáyé, ọjọ́ tí ó wáyé gan-an la máa fi ka ọjọ́ orí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i.

Àwọn tó yẹ kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fa oògùn kò pọ̀: bí ọmọ bá ń ṣàìsàn tó le débi ká dá a dúró sílé ìwòsàn; bí ojú rẹ̀ bá wú tàbí tí mímí bá ṣòro fún un lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan rí; àti bí dókítà bá ti sọ pé agbára ìdènà àrùn ara rẹ̀ kéré.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ wọ aṣọ tó rọrùn láti ká kúrò ní itan fún ọmọ, torí itan ni à ń gún èyí tó pọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ ìkókó sí, kì í ṣe ìdí. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ fi ọmú sí i lẹ́nu kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ má já a gbà títí a ó fi parí. Ó ń dín ìrora kù gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Ara ọmọ lè gbóná lálẹ́ ọjọ́ pẹ́ńtà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ti èéyi kì í dé kíákíá, ó lè tó ọjọ́ 6 sí 12 kí ara tó gbóná tàbí kí nǹkan sú sí i lára díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá kì í sì rántí abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà yẹn. Ẹ má fún ọmọ ní parasítámọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó tó gba abẹ́rẹ́. Bí ara bá gbóná tí kò sì jẹ́ kó sinmi, ẹ fún un ní ìwọ̀n tó bá bó ṣe wúwo mu. Bí gìrì bá mú un, bí ó bá ń sunkún ju wákàtí mẹ́ta lọ láìdákẹ́, tàbí tí mímí ń ṣòro, ẹ gbé e padà wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ìyá tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà dé ní ọjọ́ 28 gééré. Ó ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ọmọ gba pẹ́ńtà kẹta àti èéyi kejì. Mo kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rọmọlápá kejì sínú káàdì, oṣù mẹ́rin sí ti àkọ́kọ́, mo ní kó ka ọjọ́ náà sí mi létí kó tó dìde, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ìyá báyìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.